Ká yọ SFP GPON, ká ki ti gígábíìtì 10 bọ̀ ọ́: ṣé ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń fi okùn fáíbà gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilé àwọn oníbàárà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. GPON là ń lò, ìyẹn ìlànà tí ọ̀pọ̀ ilé fi jọ ń pín okùn fáíbà kan. Splitter 1:64, tó ń pín ìmọ́lẹ̀ okùn kan sí 64, ló wà lórí port kọ̀ọ̀kan, ilé tó jìnnà jù sì tó kìlómítà 11 sí wa. Ọ̀gá wa fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ sí í ta gígábíìtì 10. Ẹni tó ń ta irinṣẹ́ fún wa ní kò sí wàhálà kankan, ó ní ká yọ SFP, ohun kékeré tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tó sì ń gbà á, tó wà lójú OLT, ẹ̀rọ ọ̀dọ̀ wa tó ń bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀, ká ki SFP+ 10G bọ ibẹ̀, pé èyí tí a ń lò nínú switch gan-an á ṣe é. Ẹlòmíràn ní ká fi owó wa pamọ́ de 50G-PON, ìran gígábíìtì 50. Èwo ni ká gbọ́ nínú méjèèjì?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ sì kú làálàá iṣẹ́. Nínú ìmọ̀ràn méjèèjì yìí, mi ò fẹ́ kí ẹ tẹ̀ lé ìkankan. Okùn tó wà nínú ilẹ̀ àti splitter yín lè dúró síbi tí wọ́n wà. Ohun tó máa yí padà ni káàdì inú OLT, transceiver (irú SFP yẹn) tó wà lójú káàdì náà, àti ONU, ìyẹn ẹ̀rọ tó wà nílé oníbàárà tó bá ra iyàrá tuntun. Àwọn tó bá ṣì fẹ́ GPON á máa bá tiwọn lọ lórí okùn kan náà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó náwó rárá, ẹ gbọ́dọ̀ mọ iye ìmọ́lẹ̀ tó ń sọnù láàárín OLT yín àti ilé kọ̀ọ̀kan. Iye yẹn ló máa sọ irú transceiver tí ẹ máa rà. Gígábíìtì tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kò tíì sọ ìdajì ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ SFP+ ti switch kúrò nílẹ̀, torí òun ló lè tètè ná yín lówó. Lóòótọ́, ìrísí wọn jọra, á sì wọ inú ihò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Transceiver 10GBASE-LR tí ọ̀pọ̀ switch ń lò, ẹ̀rọ méjì péré tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, lórí okùn méjì, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀, fún nǹkan bíi kìlómítà 10. Ìlànà rẹ̀ gbà kí nǹkan bíi 6 dB sọnù lójú ọ̀nà. Ẹ rántí bí dB ṣe ń ṣiṣẹ́: bí 3 dB bá sọnù, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ti lọ, bí 10 dB bá sọnù, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù. Nítorí náà 6 dB túmọ̀ sí pé ìdá kan nínú mẹ́rin dé òdìkejì. Ní ti XGS-PON, ìyẹn PON ti gígábíìtì 10 tí ẹ ń wá, wọ́n pín transceiver sí kíláàsì gẹ́gẹ́ bí àdánù tó lè fara dà ṣe tó, kíláàsì N1 sì gbọ́dọ̀ fara da 29 dB. Nínú gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí OLT bá tàn, ìdá kan nínú nǹkan bíi 800 ló ń wọ ONU, ONU sì gbọ́dọ̀ ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láìṣì í kà. Kò sí bí LR ṣe máa ṣe ìyẹn.

Ìdẹkùn kejì tún wà nítòsí rẹ̀. Àwọn SFP+ kan wà tí wọ́n ń pè ní BiDi, tí wọ́n ń fi okùn kan ṣoṣo ṣe àlọ àti àbọ̀. Ẹ máa rí 1270 nànómítà, ìyẹn ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, lára wọn, XGS-PON náà sì ń lo 1270 fún dátà tó ń gòkè láti ilé oníbàárà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ọjà rà. BiDi máa ń fi 1330 ṣe ìkejì 1270, ṣùgbọ́n 1577 ni ìkejì rẹ̀ nínú XGS-PON. Asẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú BiDi kò ní jẹ́ kí 1577 kọjá. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ kó kọjá, ìṣòro tí mo fẹ́ sọ báyìí á ṣì dá a dúró.

Apá tó le jù nínú iṣẹ́ yìí, tí àwọn tó ń tajà kì í sábà mẹ́nu bà, ni ìmọ́lẹ̀ tó ń gòkè bọ̀ wá sọ́dọ̀ OLT. Èyí tó ń sọ̀kalẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le: lésà OLT ń tàn láìdákẹ́, splitter pín in fún gbogbo ilé, ONU kọ̀ọ̀kan sì mú tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ìgòkè, ONU 64 ló ń lo okùn kan, ìgùn ìgbì kan náà sì ni gbogbo wọn ń tàn. Bí méjì bá tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì bàjẹ́. OLT ló wá ń pín àkókò fún wọn. Ó ti wọn bí oníkálukú ṣe jìnnà tó, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ń lo nǹkan bíi máíkírósẹ́kọ́ǹdì 100 kó tó rin kìlómítà 20 nínú fáíbà, ó sì ń sọ fún ONU kọ̀ọ̀kan ìgbà tó máa tan lésà rẹ̀ àti ìgbà tó máa pa á. Títàn ráńpẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní burst.

Ẹ wá fi ojú inú wo ipò tí transceiver OLT wà. Ó dà bí alága ìpàdé tó ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu ènìyàn 64 nínú òkùnkùn: ẹni tó jókòó tì í ń pariwo sí i létí, ẹni tó tẹ̀ lé e wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kò sì sí àyè láti ní kí ẹnikẹ́ni dúró ná. Ìlànà gbà kí ìyàtọ̀ tó wà láàárín àdánù ilé tó sún mọ́ jù àti ti èyí tó jìnnà jù lórí port kan tó 15 dB. Ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ ti ọ̀kan lè fi ìlọ́po ọgbọ̀n àti jù bẹ́ẹ̀ lágbára ju ti èkejì, kí wọ́n sì tẹ̀ lé ara wọn gẹ́rẹ́. Nínú GPON, bíìtì 96 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì, nǹkan bíi nànósẹ́kọ́ǹdì 77. Láàárín àkókò yẹn, lésà ẹni tó parí gbọ́dọ̀ kú tán, ti ẹni tuntun gbọ́dọ̀ tàn, OLT gbọ́dọ̀ mọ bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe lágbára tó, kó fi ààlà tuntun sáàárín òdo àti oókan, kó bá aago ẹni náà mu, kó sì dá ibi tí ọ̀rọ̀ gidi ti bẹ̀rẹ̀ mọ̀.

Transceiver ti switch kò ní ohun tó máa fi ṣe èyí. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé láìdáwọ́ dúró, tí agbára rẹ̀ kì í yí padà, ni wọ́n ṣe é fún. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dáwọ́ dúró díẹ̀, ààlà tó fi sáàárín òdo àti oókan á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Ti OLT yàtọ̀: chip tó wà nínú káàdì ń fi àmì ránṣẹ́ sí i ní ìparí burst kọ̀ọ̀kan pé ẹlòmíràn ló kàn, kó gbàgbé agbára ti àkọ́kọ́, kó gbọ́ tuntun. Àsìkò tí àmì yìí ń dé àti ìrísí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu láàárín chip àti transceiver. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn ènìyàn pé bí wọ́n bá fẹ́ ra transceiver OLT lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí kì í ṣe ẹni tó ṣe OLT wọn, kí wọ́n béèrè irú káàdì tí wọ́n ti dán an wò pẹ̀lú. Owó tó wà nínú rẹ̀ kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí àmì yẹn kò bá bára mu, gbogbo ONU lè wọlé dáadáa lọ́jọ́ tí ẹ bá fi sí i, kí àwọn tó jìnnà sì máa já bọ́ nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń lò ó ní alẹ́. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ń jẹ ènìyàn lóorun ju èyí tí kò ṣiṣẹ́ rárá lọ.

ONU náà ní ojúṣe tirẹ̀. Lésà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kú pátápátá nígbà tí kò kàn án. Nínú GPON, bíìtì 16 péré ló ní láti tan lésà náà tàbí láti pa á, nǹkan bíi nànósẹ́kọ́ǹdì 13. Bí lésà ONU kan bá bàjẹ́ tí kò kú mọ́, gbogbo ilé tó wà lórí port yẹn lè bọ́ lójú òpó nítorí ilé kan ṣoṣo. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ ní kí OLT pa àwọn ONU náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tó ya aláìgbọràn kò bá gbọ́ àṣẹ, kò sí ọgbọ́n mìíràn ju kí ẹnì kan lọ sídìí splitter kó máa yọ okùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ má fi ONU tó pọ́ọ́kú jù ba iṣẹ́ àwọn 63 yòókù jẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sí ìṣirò yín. Mo máa fi ohun tí ẹ sọ ṣe àpẹẹrẹ, ẹ̀yin ni ẹ máa wọn ti gidi. Splitter 1:64, bí kò bá tiẹ̀ sọ nǹkan kan nù fúnra rẹ̀, pípín ìmọ́lẹ̀ sí 64 ti gba 18 dB. Ní ti gidi ó máa ń tó 20 sí 21. Ẹ jẹ́ ká fi í sí 20.5. Kìlómítà 11 ní 1270 nànómítà, bí a bá ka kìlómítà kọ̀ọ̀kan sí 0.4 dB, jẹ́ 4.4. Connector mẹ́fà, 0.3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1.8. Ojú ibi mẹ́jọ tí wọ́n ti jó fáíbà pọ̀, 0.1 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 0.8. Àpapọ̀ wọn, 27.5 dB.

Kíláàsì B+ ti GPON gbà tó 28. Ẹ rí i pé bó bá jẹ́ B+ lẹ ń lò, etí bèbè gan-an ni ilé tó jìnnà jù yẹn wà lónìí, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ gígábíìtì 10. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ C+ ló wà lójú OLT yín, tó gbà tó 32. Ẹ wo ara rẹ̀. Ní ti XGS-PON, N1 gbà tó 29, N2 gbà tó 31, E1 gbà tó 33, E2 gbà tó 35. Pẹ̀lú 27.5, N1 fi 1.5 dB péré sílẹ̀. Ìyẹn kò tó mi. Lésà ń gbó, okùn ń já, wọ́n sì ń jó o pọ̀ padà, ẹnìkan á tẹ okùn ní igun nígbà tó bá ń to àga ilé rẹ̀. Mo fẹ́ kí nǹkan bíi 3 dB wà nílẹ̀ fún irú wọn. Nítorí náà N2 ni mo máa rà tó bá jẹ́ èmi.

Ohun kan wà nípa N2 tó yẹ kí inú yín dùn sí. OLT N1 ń tan ìmọ́lẹ̀ láti +2 dé +5 dBm (dBm ń wọn agbára ìmọ́lẹ̀, 0 dBm jẹ́ mílíwáàtì kan), ó sì lè gbọ́ èyí tó lọ sílẹ̀ dé −26. Ti N2 ń tàn láti +4 dé +7, ó sì lè gbọ́ dé −28. ONU kò yí padà láàárín méjèèjì: +4 dé +9 ló ń tàn, −28 ló sì lè gbọ́ dé. Ìyẹn ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ra etí tó mú jù àti ohùn tó lọ sókè jù, OLT, tí ó wà lójú yín, tí ilé 64 sì jọ ń pín iye owó rẹ̀. Kí a tó máa wá ONU tó lágbára jù fún ilé kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ló yẹ kí owó lọ. (−28 dBm kò tó máíkírówáàtì méjì, bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe kéré tó. FEC, ìyẹn àtúnṣe àṣìṣe, wà nínú ìṣirò náà: bíìtì kan nínú 1,000 lè wọlé ní àṣìṣe, kí FEC sì tún un ṣe.)

Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù náà ń pa ohun èlò. ONU XGS-PON kò gbọdọ̀ gba ju −9 dBm lọ. Ìdí nìyí tí N2 fi béèrè pé àdánù ojú ọ̀nà gbọ́dọ̀ tó 16 dB, ó kéré tán. Bí ẹ bá ń dán nǹkan wò lórí tábìlì, ẹ má fi patch cord kúkúrú so OLT mọ́ ONU tààrà láé. Ẹ fi attenuator, ohun tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, tó tó 20 dB sáàárín wọn. APD tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ONU náà lè bàjẹ́, tàbí kó fara gbọgbẹ́ lọ́nà tí ẹ kò ní tètè mọ̀.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí transceiver OLT ti 10G fi wọ́n ju ti GPON lọ tó bẹ́ẹ̀. Lésà inú rẹ̀ ni. Ní GPON, ní 1490 nànómítà àti gígábíìtì 2.5, a lè máa fi iná mànàmáná mú lésà tàn kó sì ṣú fúnra rẹ̀. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní gígábíìtì 10, ìgùn ìgbì lésà náà á máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ń tàn tó sì ń ṣú. Ní 1577, oríṣiríṣi ìgùn ìgbì kì í rìn ní iyàrá kan náà nínú fáíbà, nítorí náà bíìtì kọ̀ọ̀kan á fẹ̀, á sì gun èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kó tó rin 20 kìlómítà tán. Ojútùú rẹ̀ ni EML: lésà náà ń tàn láìdẹwọ́, ilẹ̀kùn kékeré kan tó wà lórí chip kan náà ló ń ṣí tó sì ń tì fún ìmọ́lẹ̀. Ó tún ní ohun tó ń mú un tutù nínú, kí ìgùn ìgbì rẹ̀ má baà kúrò láàárín 1575 àti 1580. Ohun tó ń mú un tutù yìí ń jẹ iná, ooru tó ń lé jáde sì ń lọ sínú káàdì OLT. Bí ẹ bá fẹ́ ki port 16 kún káàdì kan, ẹ yẹ afẹ́fẹ́ tútù inú yàrá yín wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

ONU kò nílò gbogbo èyí, mo sì ka ọgbọ́n yìí sí ọ̀kan lára èyí tó dára jù nínú gbogbo ìlànà náà. Ní 1270, fáíbà kì í fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká púpọ̀, torí ó sún mọ́ ibi tí ìfọ́nká ti jẹ́ òdo, nítòsí 1310. Lésà DFB lásán tó, láìsí ohun tó ń mú un tutù. Ooru máa ń sún ìgùn ìgbì irú lésà bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bíi 0.1 nànómítà fún digírì kan, nítorí náà wọ́n fún un ní àyè tó fẹ̀ dáadáa, láti 1260 dé 1280. Láti otútù −40 dé ooru 85, ìgùn ìgbì náà á sún tó nànómítà 12 àti ààbọ̀, kò sì ní jáde kúrò nínú àyè rẹ̀. Ohun tó gbówó lórí wà lọ́dọ̀ yín, ohun tó rọjú wà nílé oníbàárà.

Nítorí pé 1577 àti 1270 yàtọ̀ sí 1490 àti 1310 tí GPON ń lò, ìran méjèèjì lè jọ gbé orí okùn kan. Ọ̀nà méjì ló wà láti so wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́, kí ẹ ní port GPON lọ́tọ̀, port XGS-PON lọ́tọ̀, kí ẹ wá fi àpótí WDM kan, tó ń kó oríṣiríṣi ìgùn ìgbì sórí okùn kan, so wọ́n pọ̀ kó tó dé splitter. Àpótí yẹn á gba nǹkan bíi 1 dB lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ẹ padà sí 27.5 wa: ó ti di 28.5, GPON B+ ti kú, N1 sì ti kù díẹ̀ kó kú. Ọ̀nà kejì ni Combo PON: lésà méjì, etí méjì, àti asẹ́ tó ń yà wọ́n, gbogbo rẹ̀ nínú transceiver kan. Wọ́n ti ka àdánù asẹ́ inú rẹ̀ mọ́ nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára, nítorí náà kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Combo tó jẹ́ C+ àti N2 ni mo máa fi sí irú ojú ọ̀nà yín, àmọ́ ó nílò káàdì tí wọ́n ṣe fún Combo. Káàdì GPON tí ẹ ní lọ́wọ́ kò mọ XGS-PON, ohunkóhun tí ẹ bá ki bọ ojú rẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ wo àwọn ONU GPON yín tó ti pẹ́ jù. Nígbà tí GPON bẹ̀rẹ̀, ìlànà gbà kí lésà ONU wà níbikíbi láàárín 1260 àti 1360. Lẹ́yìn ìgbà náà ni G.984.5 dín àyè náà kù sí 1290 dé 1330, kí àyè lè wà fún ìran tó ń bọ̀. ONU tí lésà rẹ̀ ṣì lè rìn dé 1270 lè da ìgòkè XGS-PON rú. Bákan náà ni asẹ́ inú àwọn àtijọ́ kan kò mọ̀ pé 1577 máa wá lọ́jọ́ kan, ó lè jẹ́ kó wọlé kó sì máa dí 1490 lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń ṣe láti ọdún púpọ̀ wá kò ní ìṣòro yìí. Ṣùgbọ́n ẹ mú ọ̀kan nínú irú ONU àtijọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ ní, kí ẹ dán an wò pẹ̀lú Combo lórí tábìlì kí ẹ tó gbé e lọ síta.

Ẹ bá mi sọ èyí fún ọ̀gá yín: XGS-PON kì í fún ẹnikẹ́ni ní gígábíìtì 10 tán. 9.953 ni iyàrá orí okùn. FEC gba nǹkan bíi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ohun tó kù fún dátà jẹ́ nǹkan bíi gígábíìtì 8.5, gbogbo ilé tó wà lórí port náà ló sì jọ ń pín in. Bí 64 bá fà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kéré sí mẹ́gábíìtì 135 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti GPON nínú irú ipò kan náà kò tó 40. Ìtẹ̀síwájú ńlá ni, ó yẹ kí a ṣe é. Gígábíìtì 2, 5, tàbí 8 ni kí ẹ kọ síwájú oníbàárà, torí ẹni tó bá rà 10 tó sì wọn 8.5 á sọ pé ẹ rẹ́ òun jẹ.

Ní ti 50G-PON, ọ̀rọ̀ gidi ni, mo sì ń fi ayọ̀ tọpa rẹ̀. G.9804.3, tó sọ bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe máa rí, jáde ní 2021: gígábíìtì 49.7664 ní ìsọ̀kalẹ̀, lórí 1342 nànómítà. Wọ́n yan ibẹ̀ nítorí pé ní 50G, kò sí bí a ṣe lè fara da ìfọ́nká tó wà ní 1577. Etí tó ń gba 50G gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ gbòòrò, ariwo tó ń wọlé sì pọ̀ sí i, nítorí náà ó ń ṣòro fún un láti gbọ́ ohùn kékeré. Láti lè fara da 29 dB síbẹ̀, wọ́n ní láti fi FEC tó lágbára sí i, tó lè tún bíìtì kan ṣe nínú 100, àti chip DSP tó ń tún ìrísí àmì tó ti wọ́ ṣe. Nígbà mìíràn, wọ́n á tún fi ohun tó ń mú ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí i kún lésà tàbí kún etí náà. Ní ìgòkè, DSP yẹn gbọ́dọ̀ kọ́ ìrísí ilé tuntun ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo burst. Àwọn kan tún wà tí wọ́n gba ọ̀nà 25GS-PON lọ láti 2020, lórí 1358 nànómítà, kí wọ́n lè lo lésà àti etí 25G tí wọ́n ti ń ṣe fún ilé ìpamọ́ dátà.

Kò sí ìdí fún yín láti dúró dè é. Oníbàárà ilé ni oníbàárà yín, ẹ sì tún máa lo splitter àti okùn yìí kan náà nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó, nítorí pé ìgùn ìgbì rẹ̀ kò gba àyè tí GPON tàbí XGS-PON ń lò ní ìsọ̀kalẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe báyìí láti dín àdánù kù á ràn yín lọ́wọ́ nígbà náà ju bó ṣe ń ràn yín lọ́wọ́ lónìí lọ.

Iṣẹ́ àdánù ọ̀hún, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdọ̀tí. Ẹ nu ojú connector kí ẹ tó so ó, gbogbo ìgbà, kódà bó bá jẹ́ tuntun láti inú ọ̀rá. Ẹ má so aláwọ̀ ewé mọ́ aláwọ̀ búlúù: ojú ti ewé, APC, dagun ní digírì 8, ti búlúù kò dagun, àlàfo á wà láàárín wọn, ìmọ́lẹ̀ á sì sọnù, òmíràn á padà sẹ́yìn lọ dààmú lésà. Ojú ọ̀pọ̀ transceiver OLT jẹ́ búlúù nígbà tí okùn ìta jẹ́ ewé, nítorí náà ẹ ra patch cord tó ní búlúù lórí kan, tó ní ewé lórí kejì. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ojú yẹ òpin okùn wò. Ojú kò lè rí ìmọ́lẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó lè ba ojú jẹ́.

Láti wọn àdánù, ẹ má gbára lé nọ́ńbà tí transceiver ń sọ fún yín nìkan. Ìlànà tó darí nọ́ńbà yẹn gbà kó fi 3 dB ṣìnà sókè tàbí sísàlẹ̀, 3 dB yìí gan-an sì ni gbogbo àyè tí a ń wá. Ó dára fún wíwo ìyípadà: bí iná tí lésà ń jẹ bá ń gòkè láti oṣù dé oṣù nígbà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ sí i, lésà náà ń gbó, ẹ múra láti pààrọ̀ rẹ̀. Fún wíwọ̀n gidi, ẹ lo power meter tí wọ́n ṣe fún PON, tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, tó sì mọ bí a ṣe ń wọn burst. Power meter lásán á fún yín ní ìwọ̀n àárín gbùngbùn títàn àti kíkú, á sì jẹ́ kí ẹ rò pé ONU tó wà láàyè ti ń kú lọ.

Bí ẹ bá ti ní ìwọ̀n náà lọ́wọ́, ẹ mú port kan ṣoṣo, èyí tí ilé rẹ̀ jìnnà jù. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ iye àṣìṣe tí FEC ń tún ṣe lórí ONU GPON kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ wá fi Combo sí i, kí ẹ fi ONU XGS-PON méjì tàbí mẹ́ta síta, ọ̀kan nítòsí, ọ̀kan ní òpin kìlómítà 11 yẹn, kí ẹ tún ka àṣìṣe àwọn GPON fún ọ̀sẹ̀ mìíràn. Bí ti GPON kan bá fò sókè nígbà tí òmíràn kò yí padà, ONU yẹn ni asẹ́ rẹ̀ kò tó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá fò sókè pọ̀, ẹ padà sí ojú OLT, kí ẹ nu connector ibẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n.